Ohùn Tó Ń Sọ̀rọ̀ ní Pálọ̀

Íápíìsì ti kú létí Akọ̀wé kó tó fura. Ìdánwò rẹ̀ níléèwé ti kù sí dẹ̀dẹ̀, fóònù ló sì ń ka ìwé sáyẹ́ǹsì fún un. Kì í ṣe ohùn àjèjì ló ń kà á o, ohùn ìyá rẹ̀ tó di olóògbé lọ́dún tó kọjá ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ṣa ọ̀rọ̀ tí ìyá wọn ti sọ sórí fóònù jọ, tó fi kọ́ ẹ̀rọ akàwé náà ní ohùn rẹ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀.

Bí íápíìsì ṣe kú, fóònù wá ọ̀nà mìíràn tí ohùn yóò gbà jáde. Sípíkà tí bàbá wọn fi ń gbọ́ ìròyìn ní pálọ̀ ló já sí. Màmá àgbà, ìyá tó bí ìyá wọn, ló dá jókòó síbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú.

"Ọmọ mi, o ti dé?" ni Akọ̀wé gbọ́ tí màmá àgbà wí. "Kí ló mú ọ pẹ́ tó báyìí?"

Orí Akọ̀wé wú. Ó yẹ kó jáde lọ ṣàlàyé, àmọ́ ó pa ẹ̀rọ náà, kò sì jáde. Lálẹ́ ọjọ́ náà, màmá àgbà tó máa ń tọ́ oúnjẹ wò lásán jẹ ẹ́ tán pátápátá.

Ibẹ̀ ni ìdánwò mìíràn ti wọlé, èyí tí wọn kì í kọ́ni níléèwé. Nígbà tí màmá àgbà tún kọ oúnjẹ, Akọ̀wé ti ilẹ̀kùn yàrá, ó ṣí sẹ́tíńgì, ó yan sípíkà pálọ̀ fún ohùn, ó sì dín eré rẹ̀ kù, torí ìyá rẹ̀ kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó wá tẹ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ yóò kà sí i pé: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."

Ó gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri, ẹ̀rù ba òun fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo ṣófo.

"Sọ òtítọ́ fún wọn," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ẹyin lọ̀rọ̀ o."

"Ṣé kí ebi wá pa wọ́n ni?"

Ó ń ṣe é lọ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí màmá àgbà fi ń bu oúnjẹ pa mọ́ de ọmọ rẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ẹnu ọ̀nà ìta ni wọ́n ti bá a, tó ń gbọ̀n.

"Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé, mi ò sì rí i," ni ó wí. "Mo ní bóyá ó ti jáde."

Akọ̀wé kúnlẹ̀ sínú omi, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Mo ti sin ín lẹ́ẹ̀kan," ni màmá àgbà wí. "O tún ní kí n wá sin ín lẹ́ẹ̀kejì."

Wọ́n pa ohùn náà rẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìfẹ́ ló bí irọ́ yẹn, síbẹ̀ irọ́ ni, ẹni tí wọ́n sì fẹ́ fi tù nínú ló ṣe léṣe. Ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn, ohùn ara rẹ̀ ni kó fi bá a sọ̀rọ̀, kó má ya ti òkú lò.

Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ lọ báyìí. "Màmá àgbà, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."

Màmá àgbà a gbọ́. Á kọ́kọ́ dẹtí sílẹ̀ díẹ̀, bóyá ẹlòmíràn ṣì fẹ́ sọ̀rọ̀, kó tó na ọwọ́ sí àwo.