Ọkọ Tí Bàbá Ń Wá Lọ sí Ìsẹ́yìn

Ẹsẹ̀ méjì ni Basheerah kọ́kọ́ rí, tí wọ́n yọ síta lábẹ́ ọkọ̀ kan ní Apple Junction, ní Festac. Sálúbàtà wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ti òsì ti bọ́.

"Ẹni tó ni ẹsẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù mi."

Dáúdà mẹkáníìkì yọ orí jáde, epo kún ojú rẹ̀. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹ bá mi wá sálúbàtà mi kejì."

"Òun lẹ gbórí lé yẹn."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Dáúdà ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ Basheerah ló máa ń bá a tan láràárọ̀ kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ni Bàbá Basheerah ti ń hun aṣọ òfì. Ó ti búra pé ọmọ Ìsẹ́yìn, ìlú òun, nìkan ni yóò fẹ́ ọmọ òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti wọkọ̀ lọ wá ọkọ nílé.

"Ọmọ Festac yẹn?" ló wí nípa Dáúdà. "Rárá."

Ojú ti Basheerah láti sọ ìdí fún Dáúdà. Ó kàn ní Bàbá ò tíì gbà. Dáúdà rò pé epo ara òun ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Bàbá ní òun ti rí ẹnì kan nílé, wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ òun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Basheerah sunkún lórí páálí mílíìkì. Nígbà tí Dáúdà gbọ́, ó fọ ọwọ́ títí àwọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, ó wọ jálàbíà funfun, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú òfì.

"Sà, kò sí epo lára mi mọ́. Ẹ fún mi ní Basheerah."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ epo? Dìde, jàre."

Òwú kan já lórí òfì. Ojú Bàbá ò ríran dáadáa mọ́, ó ń fọwọ́ wá ẹnu òwú náà kiri. Dáúdà mú un, ó fi àtàǹpàkò yí i so ní kókó, ó fi eyín gé ìyókù. Kókó náà ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

Bàbá fọwọ́ kan kókó náà. "Àwa ará Ìsẹ́yìn la máa ń so ó báyìí. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá mi àgbà ni, sà. Ní Ìsẹ́yìn."

"Ìsẹ́yìn wo?"

"Èyí tí gbogbo wa mọ̀ náà ni, sà."

"O wà níbí lọ́dún mẹ́ta, o ò sọ!"

"Ẹnikẹ́ni ò bi mí, sà."

Basheerah já wọlé láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Dáúdà, ìwọ ọ̀dẹ̀ yìí!"

"Ọ̀dẹ̀ tìẹ ni."

Bàbá ti ń pe Ìsẹ́yìn lórí fóònù. "Kí wọ́n má wọkọ̀ o! Ọkọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi tipẹ́."

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n so yìgì ní Festac. Òfì tí òwú rẹ̀ já yẹn ni Basheerah ró. Àǹtí rẹ̀ kan fẹ́ yí ibi kókó náà sínú.

"Yí i síta," ni Bàbá wí. "Kí gbogbo ayé rí i."