Fọ́ọ̀mù Tí Kò Lámì Ohùn

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira." Ohun tí obìnrin náà kọ́kọ́ bá a sọ nìyẹn. Abẹ́ tábìlì ló wà. Ó fa téèpù láti ilẹ̀ dé orúnkún ọkùnrin náà, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó mi orí.

"Ta ló gbé tábìlì jẹ́lé-ó-sinmi fún àgbàlagbà?"

Ọkùnrin náà ò mira rárá. Agùntáṣọọ́lò làwọn ará ibi iṣẹ́ ń pè é. Òun ló ń tọ́jú fáìlì, ó sì ti ń ká ara rẹ̀ sídìí tábìlì yẹn bí aṣọ inú àpótí láti ọjọ́ pípẹ́. Kò sẹ́ni tó bi í rí bóyá ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ká má fọ̀rọ̀ gùn, kí obìnrin náà tó jáde lábẹ́ tábìlì, ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ ọkùnrin náà lọ́kàn.

Iṣẹ́ obìnrin náà ni pé kó tún ọ́fíìsì wọn tò lọ́nà tí yóò tu àwọn òṣìṣẹ́ lára. Àǹtí Téèpù ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀gá fẹ́ kó kó gbogbo wọn sí gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, kí òun lè máa rí ojú kálukú láti orí àga òun.

"Ọ̀gá," ni Àǹtí Téèpù wí, "ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ ló yẹ ká bi."

Ó pín fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè kan ló wà níbẹ̀: Kí lẹ nílò jù lọ kí ara tó lè tù yín níbi iṣẹ́? Obìnrin tó ń gbàlejò kọ ọ́ pé kí wọ́n gbé tábìlì òun kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ní ti Agùntáṣọọ́lò, ẹ̀yìn àga rẹ̀ ti já láti ọdún mẹ́ta. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan péré, láìfi àmì kankan sí i: eyin.

Ẹ wo iṣẹ́ ọ̀lẹ! Ká ní ẹyin adìyẹ tàbí eyín ẹnu ni Àǹtí Téèpù kà á sí, wọn ì bá fi rẹ́rìn-ín lásán.

Lọ́jọ́ kejì, ó dé tòun ti lọ́fínńdà.

"Mo ka fọ́ọ̀mù yín," ló sọ, kò wojú rẹ̀. "Ẹ láyà o."

"Òótọ́ ni mo kọ. Ó pẹ́ tí mo ti ń fara dà á láìní."

"Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Mo sọ fún Ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí n lọ fara ti ògiri."

Àǹtí Téèpù rẹ́rìn-ín títí pẹ́ńsù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ fara balẹ̀. Ẹ ò ní pẹ́ rí i."

Inú Agùntáṣọọ́lò dùn pé àga ń bọ̀. Inú obìnrin náà dùn, ó gbé tábìlì tó fi ń yàwòrán wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń ṣàwàdà, obìnrin náà ń pè é ní Ọkọ Fáìlì. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kún ọkùnrin náà lẹ́nu, kò rọ́nà jáde.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó lanu, ọ̀rọ̀ mìíràn ló jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn wo?"

"Ẹ̀yìn àga mi."

Àǹtí Téèpù wo àga, ó wo fọ́ọ̀mù. "Èmi kà á sí ẹ̀yin," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́, "bí ẹni ń sọ pé èmi lẹ nílò." Ojú tì í débi pé ó ká téèpù rẹ̀ lódì. Ó gbé báàgì, ó lọ.

Àga tuntun dé lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn rẹ̀ ga dé ìpàkọ́. Gbogbo ara Agùntáṣọọ́lò tù ú, àfi ọkàn rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì ni Àǹtí Téèpù máa wá fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, yóò sì gba ìlú mìíràn lọ.

Agùntáṣọọ́lò lọ rò ó fún ìyá rẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá yìí, ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àmì ohùn.

"Ọmọ tí mo fi inú mi bí," ni màmá wí. "O sọ odidi obìnrin di ẹ̀yìn àga."

"Mi ò mọ̀ọ́mọ̀, Màámi."

"Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?"

"Gan-an ni. Bó bá lọ, mi ò mọ bí mo ṣe máa jókòó síbẹ̀ mọ́."

"Èmi kọ́ lo máa sọ ọ́ fún. Lọ tún iṣẹ́ rẹ ṣe. Kí o sì fàmì sí i."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Àǹtí Téèpù pín fọ́ọ̀mù ìkẹyìn: Kí ló kù tí ẹ nílò? Kò wo ọ̀dọ̀ Agùntáṣọọ́lò rárá. Ọkùnrin náà kọ ẹ̀yin, ó fàmì sí i, ó wò ó, ó pa á rẹ́. Ẹ̀yin ti pọ̀ jù fún ẹnì kan ṣoṣo. Ó kọ òmíràn, ó dìde, ó mú un lọ bá a lójú gbogbo ọ́fíìsì.

Ìwọ.

"Ta lẹ ń bá wí?" ni obìnrin náà bi í.

"Ẹni tó wà lábẹ́ tábìlì mi lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, olólùfẹ́ mi. Àga náà dára, ṣùgbọ́n àga ni."

Ọ̀gá na ọrùn títí láti orí àga rẹ̀. Ògiri tuntun tí Àǹtí Téèpù ní kí wọ́n mọ síwájú rẹ̀ kò jẹ́ kó rí nǹkan kan.

Àǹtí Téèpù rẹ́rìn-ín tòun tomi lójú. "O pẹ́ kí o tó sọ ọ́, Ọkọ Fáìlì."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, màmá gba fọ́ọ̀mù náà, ó gbé awò sójú, ó yẹ àmì orí rẹ̀ wò fínnífínní.

"Ó gbà á," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Bí àmì kan bá lé níparí rẹ̀, ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja ni."

"Ẹ má ṣèyọnu, Mà," ni ìyàwó dáhùn. "Ìyẹn náà ti kọ́ mi lẹ́nu."