Ẹ̀jẹ̀ Tí Múyìíwá Dà Nù

Múyìíwá kì í mutí, kì í jalè, kì í sì í pa ìsìn ọjọ́ Àìkú jẹ. Nítorí náà, kò ka ara rẹ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń yẹ̀ wò ní láàbù kékeré kan ní Ìwó. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Dókítà, kò sì sọ fún wọn pé òun kì í ṣe dókítà. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá fẹ́ fẹ́ra, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lọ, kó lè sọ bóyá AA ni ẹ̀jẹ̀ wọn tàbí AS.

Omi oògùn kan ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Láràárọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ pé AS ni dán omi náà wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pín sí ìlà méjì, ti A àti ti S, omi dára. Bí kò bá pín, kó da omi nù.

Ní ọdún 1994 omi náà wọ́n, Múyìíwá sì ń bomi là á. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ AS náà kò pín. Ó rí i kedere. Ṣùgbọ́n èrò ti kún orí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ta kò ó ni ó dà nù, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Oyèlẹ́yẹ, tíṣà ará Kuta, wà lórí bẹ́ǹṣì náà. Wùmí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti mọ̀ pé AS ni òun. Ẹ̀jẹ̀ Oyèlẹ́yẹ náà kò pín, Múyìíwá sì kọ AA fún un, ó lu ìwé ní òǹtẹ̀. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọmọ wọn ń ké pé egungun ń ro òun. Ọsibítù ní SS ni, fòníkú-fọ̀la-dìde. Bàbá AA kì í bí SS. Ni ìyá ọkọ bá ní kí Wùmí wá sọ ẹni tó lọ́mọ.

“Ìwé Dókítà ò lẹ́nu tó fi ń parọ́, ìyàwó. Ìwọ lo lẹ́nu.”

Oyèlẹ́yẹ wá bi Múyìíwá bóyá òótọ́ ni ìwé náà. Múyìíwá wo ilẹ̀, ó ní òótọ́ ni. Wọ́n kó ẹrù Wùmí jù síta, ó gbé ọmọ pọ̀n lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ilé-Ogbó.

Láti ìgbà náà, oúnjẹ korò lẹ́nu Múyìíwá. Bó bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, igbe ọmọ ni ó ń gbọ́. Ó ní kí Ìyá Ayọ̀nitèmi, tó ń bá wọn fọ ìgò ní láàbù, bá òun gbàdúrà nítorí orí fífọ́.

“Dókítà, ẹ má bínú,” ni obìnrin náà wí. “Kì í ṣe orí. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ da ẹ̀jẹ̀ yẹn nù. Mo dákẹ́ torí iṣẹ́ mi, mo sì ti bẹ Jésù. Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Mo ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ẹ ń lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ yín náà ń lọ. Ẹ jọ ń jókòó ni.”

Múyìíwá kúnlẹ̀ láàárín àwọn ìgò. Ó sunkún, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Ọlọ́run láìfi ọ̀kan pa mọ́, ó sì bẹ Jésù kó gba òun.

Kò dúró níbẹ̀. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Kuta, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Oyèlẹ́yẹ àti ìyá rẹ̀.

“Irọ́ ni ìwé yẹn. Èmi ni mo parọ́. Ìyàwó yín ò ṣẹ̀.”

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Oyèlẹ́yẹ wò ní Òṣogbo. AS ni. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Múyìíwá, egungun ọmọ náà ṣì ń ro ó. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ fúnra rẹ̀ lọ kúnlẹ̀ fún Wùmí ní Ilé-Ogbó, wọ́n sì gbọ́ tó ń ki ọmọ náà ní oríkì ilé Oyèlẹ́yẹ.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, o lè má mutí. Ta ni ń sunkún nítorí ohun tí o fi pa mọ́? Ọlọ́run rí i. Jésù ti kú fún ẹ̀ṣẹ̀ yẹn gan-an. Má sọ pé ọ̀la. Kúnlẹ̀ báyìí, jẹ́wọ́ fún un, kí o sì dìde lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀, kí ilẹ̀ òní tó ṣú.