Etí Tí Bàbá Fi Ń Gbọ́ Ẹ̀rọ

Nígbà náà, Má-kánjú awakọ̀ ṣì wà láyé. Ìyá rẹ̀ náà ṣì wà, arúgbó tó máa ń jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn retí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá ọmọbìnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí wà pẹ̀lú, etí rẹ̀ nìkan ló ti ṣáájú rẹ̀ kú. Ọgbọ̀n ọdún ariwo àwọn ẹ̀rọ tó ń tún ṣe ló di í pa. Ìdí nìyẹn tó fi ń pe ọmọ rẹ̀ ní Etí-mi, torí òun ló ń bá a gbọ́ ohùn ẹ̀rọ tó bá ti ilé ìwé dé.

Lọ́jọ́ kan, Má-kánjú wa fọ́kílíìfù dé ṣọ́ọ̀bù wọn, ọkọ̀ tó ń fi irin méjì gbé ẹrù bí ẹni nawọ́ gba ọmọ.

"Dókítà, aláìsàn mi dé o," ó wí fún ọmọ náà. "Lófìfo, á máa sáré bí ewúrẹ́ tó jí iṣu. Kí n gbé sìmẹ́ńtì lé e báyìí, ó di ọ̀lẹ tí wọ́n ní kó lọ pọnmi."

Ọmọ náà pariwo rẹ̀ sí bàbá rẹ̀ létí.

"Ẹ̀rọ tó ń kọrin lófìfo, tó ń sunkún lábẹ́ ẹrù, ebi ló ń pa á," ni bàbá wí. "Epo kò dé ọ̀fun rẹ̀." Ó tú asẹ́ epo, ìdọ̀tí ti dí i. Ó fi tuntun sí i. "Ìdọ̀tí ṣì lè wà nínú táǹkì. Etí-mi, fi ọkọ̀ yìí gbé irin ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn sókè sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí o tẹ́tí dáadáa." Ó yíjú sí iṣẹ́ mìíràn.

Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà ti dúró lẹ́nu géètì, wọ́n fẹ́ lọ ya fọ́tò ìparí ẹ̀kọ́ wọn.

"Mẹkáníìkì, ṣé epo lo máa fi para ya fọ́tò ni?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, fọ́kílíìfù ló fẹ́ fi ṣe ọkọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú tì í. Ó ṣíná sí ẹ̀rọ náà, ó tẹ iná mọ́ ọn lófìfo. Ẹ̀rọ náà kọrin. Ọmọ náà pa iná rẹ̀.

"Ṣé o dán an wò?" bàbá bi í.

"Mo dán an wò."

Kò purọ́. Kò sì sọ òtítọ́.

"Dókítà, ṣé aláìsàn mi ti yá?" ni Má-kánjú bi í.

"Ó ti yá, Bọ̀dá."

Fọ́tò náà dára. Ẹ̀rín rẹ̀ ló dùn jù níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Má-kánjú gbé ogójì àpò sìmẹ́ńtì, ó ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé ìkẹ́rùsí. Ó dé àárín, ohùn ẹ̀rọ rọ̀, ẹ̀rọ náà kú. Ọkọ̀ náà fẹ̀yìn rìn, ó dojú dé, ó sì tẹ Má-kánjú pa.

Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá. Ó tú asẹ́ tuntun náà, ó ti dúdú kirikiri.

"Kí lo gbọ́ nígbà tí irin wà lórí rẹ̀?" ó bi ọmọ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bàbá kò pè é ní Etí-mi mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ààbọ̀ òtítọ́ ni ọmọ yìí sọ. Nígbà tó dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, odindi òkú ló dà. Iṣẹ́ tí ẹ kò bá ṣe tán, ẹ sọ pé ẹ kò ṣe é tán.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó rí ẹni tó lè lọ sọ fún un, arúgbó ìyá Má-kánjú ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo ọ̀nà ọmọ rẹ̀.