Ìlẹ̀kẹ̀ Tó Ń Sọ Pé "A Dúpẹ́"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Ìbíyẹmí sọ láyé ni "Rárá", Baálẹ̀ Ìdí-Ahùn ló sì sọ ọ́ fún, lójú gbogbo abúlé.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀ rí, àfi kíkùn tó máa ń kùn bí oyin nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ agbẹnusọ mọ́ ọn lọ́rùn, Baálẹ̀ sì na ọwọ́ láti gbé e lé e lórí kó lè wúre fún un. Ìlẹ̀kẹ̀ náà tàn yòò. Ohùn ọmọdébìnrin kan ti inú rẹ̀ jáde, ó mọ́ gaara: "Rárá. Má fọwọ́ kàn mí."

Dúródọlá, ìyá rẹ̀, bú sẹ́kún. Ayọ̀ ni, ìtìjú ni, kò mọ èyí tó kọ́kọ́ dé. Ọmọ òun ní ohùn! Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èèyàn tó wà nílé ayé, ṣé ara Baálẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀?

Kí ẹ má baà rò pé oògùn ni ìlẹ̀kẹ̀ yìí, ẹ̀rọ ni. Nígbà tí à ń wí yìí, ọmọ Yorùbá ti kọ́ ìlú sí òfuurufú, baba Ìbíyẹmí gan-an wà lọ́hùn-ún tó ń jó irin pọ̀. Ẹ̀rọ ló ń kọ ebè, ẹ̀rọ ló ń wa iṣu. Ṣùgbọ́n ọ̀làjú kì í yára dé oko. Ọmọ tó bá ní ohun tí àwọn dókítà ń pè ní ọ́tísíìmù nílùú ńlá á rí olùkọ́, á rí ilé ìtọ́jú, á rí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé. Ti oko, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń fi í pa mọ́ sí. Àwọn kan á ní ẹlẹ́gbẹ́ ọ̀run ni, àwọn kan á ní ìyá rẹ̀ ló rìn lóòrùn ọ̀sán nígbà tó wà nínú oyún.

Ìdí nìyẹn tí Ọ̀mọ̀wé Adékúnbi fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ náà. Bọ́tìnnì kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ á wà lẹ́yìn etí ọmọ, á máa gbọ́ ohun tí ọpọlọ àti ara rẹ̀ ń wí, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn á sì fi ohùn gbé e jáde. Òpó gíga kan ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ìtọ́jú nílùú, kí wọ́n lè mọ ọmọ tó nílò nọ́ọ̀sì. Orí ilẹ̀ Baálẹ̀ ni òpó náà wà. Bí Baálẹ̀ bá ní kí wọ́n hú u, gbogbo ọmọ tó wà láwọn abúlé àyíká ló pàdánù.

Baálẹ̀ kò pariwo. Ó pe Ọ̀mọ̀wé àti Dúródọlá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

"Ọ̀mọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ yín gbọ́n, ṣùgbọ́n kò lẹ́kọ̀ọ́."

Ọ̀mọ̀wé wà lórí ìkúnlẹ̀. "Baba, ẹ má bínú. Ohun tó wà nínú ọmọ ló sọ. Kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun lórí ni."

"Ta ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ń ti ẹnu rẹ̀ jáde? Èmi tí mo jókòó yìí, orúnkún ń ro mí láti àná. Nígbà tí ẹ kí mi láàárọ̀, kí ni mo wí?"

"Ẹ ní ẹ dúpẹ́, sà."

"Ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Mo gbọ́ pé ibì kan wà nínú ẹ̀rọ yẹn tí ẹ ti ń ṣètò àpọ́nlé."

"Ó wà, sà. Kó lè máa fi 'ẹ' bá àgbà sọ̀rọ̀ la ṣe ṣe é."

"Ẹ fẹ̀ ẹ́ sí i. Kó má sọ 'rárá' fún ẹni tó jù ú lọ mọ́. Bí wọ́n bá sì bi í pé ṣé àlàáfíà ni, kó dáhùn bí ọmọ tí wọ́n tọ́: 'A dúpẹ́.' Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ hú òpó yín."

"Baba, ẹnu rẹ̀ lẹ ní kí n dí yẹn." Ọ̀mọ̀wé gbé orí sókè. "Àwa tí ẹnu wa yá, bá a bá sọ pé a dúpẹ́, ojú wa á sọ ìyókù. Ẹni tó bá wò wá á mọ̀. Ojú ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀." Ó yíjú sí Dúródọlá. "Ìyá Ìbíyẹmí, ọmọ yín ni. Kí lẹ wí?"

Dúródọlá rántí ìdí kànga, bí àwọn obìnrin ṣe máa ń fa ọmọ wọn mọ́ra tí Ìbíyẹmí bá ti yọ. Ó fẹ́ kí ẹnìkan ṣáà nífẹ̀ẹ́ ọmọ òun lẹ́yìn òun. Kò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ ṣe é bí Baba ṣe wí, mà," ló sọ.

Ká sòótọ́, ó kọ́kọ́ dùn. "Ẹ kú àárọ̀, mà. A dúpẹ́, mà." Àwọn tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ wá ń fún un ní àgbàdo sísun. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ á ránṣẹ́ pè é pé kó wá kí àlejò òun. Nílùú, àwọn ará ilé ìtọ́jú ń gbọ́ "a dúpẹ́" láràárọ̀, wọ́n sì gbà pé ti Ìdí-Ahùn ti yanjú. Nọ́ọ̀sì tó yẹ kó máa wá, wọ́n darí rẹ̀ síbòmíràn.

Kí ìlẹ̀kẹ̀ tó dé, Dúródọlá a máa wo ọmọ rẹ̀ bí àgbẹ̀ ṣe ń wo òjò. Bó bá kẹ̀yìn síni, kò fẹ́ nìyẹn. Bó bá lọ fi iwájú orí ti amù omi, nǹkan kan ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ta ló tún ń wo ẹ̀yìn ẹni tó lẹ́nu? Díẹ̀díẹ̀ ló fi wíwò sílẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun fi í sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ìkórè ẹ̀gẹ́, ó bá Ìbíyẹmí nídìí amù, iwájú orí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ìbíyẹmí, ṣé kò sí o? Ṣé nǹkan ń dùn ẹ́ ni?"

"A dúpẹ́, mà."

"Inú ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni, mà. Ẹ ṣeun."

Ọmọ náà ki ọwọ́ bọ ìlẹ̀kẹ̀, ó ń fà á bí ẹni tó fẹ́ já a. Ìyá rẹ̀ rọra tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó tún un so. "Má já ohùn ẹ, ìyá mi." Ó gbé ẹ̀kọ sílẹ̀ fún un, ó lọ sóko.

Nígbà tó dé lọ́sàn-án, ẹ̀kọ wà níbi tó gbé e sí. Ìbíyẹmí ló wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ amù, ara rẹ̀ gbóná bí iná, ikùn rẹ̀ le bí pákó. Dúródọlá gbé e sáré lọ sídìí òpó, ó tẹ aago tí wọ́n fi ń pe ẹyẹ ìwòsàn, ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní awakọ̀.

"Aláìsàn, báwo ni ara?" ni ẹyẹ bi í láti inú òpó.

"A dúpẹ́, sà. Ara le."

"Ó dára. A ó dé lọ́la."

"Irọ́ ni!" Dúródọlá figbe ta. "Ara kò le! Èmi ìyá rẹ̀ ni mo wí!"

"Ohùn aláìsàn là ń tẹ̀ lé."

Ọ̀mọ̀wé Adékúnbi ló jà títí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí pé láyé àtijọ́, gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ dípò irú àwọn ọmọ wọ̀nyí, a kì í gbọ́ tiwọn. Òfin rere ni. Ọjọ́ yẹn, ó di ìgànná tí ìyá ń forí sọ.

Baálẹ̀ gbọ́ igbe, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde. Ó wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ yí padà. Ó sì gba inú òpó ké sí Ọ̀mọ̀wé pé, "Ẹ tú àpọ́nlé yẹn! Èmi ni mo so ó, mo tú u! Ẹ tú u kíákíá!"

Láti ìlú lọ́hùn-ún ni Ọ̀mọ̀wé ti tú u. Ìlẹ̀kẹ̀ náà pọ́n.

"Ó ń dùn mí. Ìyá mi, ó ń dùn mí. Láti àná ló ti ń dùn mí. Mo sọ fún ẹ. Mo sọ fún ẹ. Mo sọ fún ẹ."

Ẹyẹ ìwòsàn gbọ́, ó gbéra lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó fi máa balẹ̀ nídìí òpó, ìlẹ̀kẹ̀ ti dákẹ́, iná inú rẹ̀ ti kú. Ìfun kékeré kan ló wú tó bẹ́ sínú. Ọ̀mọ̀wé wá fúnra rẹ̀, ó sọkún débi pé kò lè dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó ní iṣẹ́ kékeré ni ì bá jẹ́ ká ní wọ́n tètè mọ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, àwọn èèyàn kún yàrá Dúródọlá. Wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ: omi ló dànù, akèrègbè ò fọ́. Amù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níwájú wọn, àmì òróró iwájú orí ọmọ náà ṣì wà lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bu omi nínú rẹ̀ mu.

Baálẹ̀ wọlé. Ó jókòó, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀.

"Dúródọlá, báwo ni ara?"

Gbogbo yàrá ń dúró de ọ̀rọ̀ méjì péré tí wọ́n mọ̀ pé ó ń bọ̀. Dúródọlá wo amù, ó wo Baálẹ̀.

"Ó ń dùn mí," ló sọ. Kò fi "sà" sí i.

Kò sí ẹnìkan nínú yàrá náà tó mọ èsì tí wọ́n ń fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.