Àmì P5 ní Ilé Bi Mwanakombo

Àpótí náà ṣófo. Bi Mwanakombo, ìyá àgbà ilé, ṣí i láti kó wúrà jáde fún ìyàwó, aṣọ funfun tí wọ́n fi ń wé e nìkan ló bá nísàlẹ̀. Kò pariwo. Ó jókòó sórí ẹní, ó gbé aṣọ náà lé itan, ó ní kí wọ́n lọ pe ọlọ́pàá.

Ìlú Tanga ni, lásìkò tí atẹ́gùn òkun pàápàá máa ń gbóná. Ọjọ́ Ẹtì ni ìgbéyàwó Zaituni, ọmọ tí ọmọkùnrin rẹ̀ bí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọlọ́pàá ti mú Jumbe, fúndì tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, nítorí òun nìkan ni ará ìta tó wọ yàrá ẹ̀yìn tí àpótí wà lọ́jọ́ náà. Wọn kò bá wúrà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó ti gbé e pamọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ẹjọ́ náà lé Inspẹ́kítọ̀ Mhina lọ́wọ́, ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Afande. Ọkùnrin tí kì í gbé ohùn sókè ni, kì í sì í gba ìdáhùn kankan láìyẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ọ̀dọ̀ Jumbe ní àtìmọ́lé ló kọ́kọ́ lọ.

"Ṣé o wọ yàrá náà?"

"Mo wọ̀ ọ́, Afande. Bi fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Wọ́n dúró tì mí títí àwọn obìnrin fi gbé làálì ìyàwó dé, ni wọ́n bá jáde lọ kí wọn."

"Ó wá ku ìwọ nìkan."

"Ó ku èmi àti ẹ̀rọ."

"Kí ló ṣe ẹ̀rọ náà?"

Ojú Jumbe mọ́lẹ̀ díẹ̀. "Ẹ̀rọ ìta kan ṣoṣo ló wà nílé yẹn, Afande, ó sì ní ẹnu mẹ́rin nínú yàrá mẹ́rin. Èyí tó wà ní pálọ̀ ló dákẹ́, ó kọ P5 sójú. Ìdọ̀tí ni. Mo tú asẹ́ rẹ̀, mo lọ fọ̀ ọ́ lẹ́yìnkùlé, mo dá a padà, òtútù dé! Mo wá fọ ti àwọn yàrá yòókù kún un. Ẹ béèrè káàkiri Tanga bóyá fúndì kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù tèmi lọ."

"N kò béèrè bí ọwọ́ rẹ ṣe yá tó. Irú ìdọ̀tí wo ni?"

"Ìdọ̀tí... Ìdọ̀tí náà ni, Afande."

Mhina ń wò ó. Ìyànga náà fò lọ lójú fúndì.

"Afande, lọ́la ni wọ́n ní àwọn ó gbé mi lọ sílé ẹjọ́. Iṣẹ́ tí mo mọ̀, inú yàrá àwọn èèyàn ni mo ti ń ṣe é. Bí wọ́n bá pè mí lólè lẹ́ẹ̀kan péré, ta ni yóò tún ṣílẹ̀kùn fún mi?"

Inspẹ́kítọ̀ dìde. Ó gba ilé Bi Mwanakombo lọ.

Àwọn mẹ́ta ló bá ní pálọ̀. Bi Mwanakombo wà lórí àga. Mbaraka, ẹ̀gbọ́n ìyàwó, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Hemedi, àbúrò ìyá ìyàwó tó ti dolóògbé, dúró lójú fèrèsé. Hemedi ló ń bójú tó ilé àlejò kan lókè Lushoto, níbi tí kùrukùru ti ń bo òrùlé láàárọ̀. Ó ti gbé apẹ̀rẹ̀ èso òkè wá fún ìgbéyàwó.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Bi," ni Mhina wí. "Kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn, mélòó ni?"

"Méjì. Ọ̀kan wà lọ́rùn mi. Èkejì wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, kò sì sí ará ilé tí kò mọ̀ ọ́n. Ti àpótí ni àgádágodo àtijọ́. Ẹni tó bá ní sùúrù lè fi irin tín-ín-rín ṣí i."

"Asẹ́ ẹ̀rọ yìí ńkọ́? Ìgbà wo lẹ fọ̀ ọ́ kẹ́yìn kí Jumbe tó dé?"

Ìyá àgbà náà gbójú sókè. "Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo ń fi ọwọ́ ara mi fọ̀ ọ́. Àbí ẹ fẹ́ sọ pé ilé mi dọ̀tí ni?"

"Ó tì o, Bi. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an lẹ sọ yẹn."

Hemedi bú sẹ́rìn-ín. "Afande, olè lẹ ń wá ni àbí eruku? Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ọjọ́ olóhun ti pé, olè sì wà ní àtìmọ́lé yín."

"Níbo lo wà lọ́sàn-án àná?"

"Etíkun. Mo ń ná ẹja. Látìgbà tí mo ti dé, ẹsẹ̀ mi kò tẹ yàrá ẹ̀yìn yẹn."

"Mbaraka ńkọ́?"

"Orí àga yìí ni mo sùn sí, Afande. Ooru ló jí mi, mo ní kí wọ́n pe fúndì."

"Kí o tó sùn, ṣé ẹ̀rọ ń tutù?"

"Ó ń tutù dáadáa. Bí kò bá tutù, ta ni yóò lè sùn nínú Tanga yìí?"

Mhina ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò níta. Ó dá wọ yàrá ẹ̀yìn. Fèrèsé wà ní títì, aṣọ nípọn lójú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò tó nǹkan. Ó rí rìmóòtù lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Jumbe fọ asẹ́ yàrá yìí lánàá, ṣùgbọ́n kò sídìí tí yóò fi kan rìmóòtù. Mhina tàn án. Àwòrán oòrùn kékeré kan, àmì ooru, yọ lójú rẹ̀.

Ó dúró, ó ń wo oòrùn náà. Lẹ́yìn náà ó pa á, ó ní kí wọ́n mú Jumbe wá láti àtìmọ́lé.

Fúndì dé pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Mhina ní kó dúró sí pálọ̀ níwájú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ òtútù, kó máa sọ ohun tó bá rí. Òun padà sí yàrá ẹ̀yìn, ó tan ẹ̀rọ ibẹ̀ sórí oòrùn. Kò pẹ́ tí Jumbe fi kígbe.

"Afande! Ó ti dákẹ́! P5 ti dé!"

Mhina pa ti yàrá ẹ̀yìn. Ó dúró díẹ̀.

"Ó ti lọ, Afande! Òtútù ti padà!"

Nígbà tí inspẹ́kítọ̀ padà sí pálọ̀, Jumbe tẹ orí ba.

"Ìdọ̀tí kọ́, Afande. Ẹ̀rọ ìta kan ṣoṣo kò lè gbé ooru lọ sí yàrá kan kó tún gbé òtútù lọ sí òmíràn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbọ́dọ̀ dá ọ̀kan dúró. N kò rí i rí, nítorí kò sẹ́ni tó ń béèrè ooru ní Tanga."

"Lánàá nígbà náà, ìwọ kọ́ lo tún un ṣe."

"Èmi kọ́. Ọpẹ́ nìkan ni mo gbà."

Mhina rẹ́rìn-ín músẹ́, àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó pa ẹ̀rọ pálọ̀, ó pe àwọn tó wà níta wọlé, ó sì ti fèrèsé. Láìpẹ́, gbogbo wọn ń nu òógùn. Bọ́tìnì méjì ló wà lára rìmóòtù pálọ̀, bíi ti yàrá ẹ̀yìn, òtútù lápá òsì, ooru lápá ọ̀tún, àwòrán wọn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.

"Mbaraka, jọ̀ọ́, tan atẹ́gùn fún wa."

Mbaraka gbé rìmóòtù súnmọ́ ojú, ó tẹ ti òsì. Òtútù jáde. Mhina gbà á, ó pa ẹ̀rọ náà, ó jẹ́ kí ooru tún mú, ó wá nà án sí Hemedi.

"Hemedi, ẹja wo lo rà létíkun lánàá?"

"Changu. Changu ńlá méjì," ni Hemedi wí. Bó ti ń sọ̀rọ̀ ló na rìmóòtù sókè, àtàǹpàkò rẹ̀ sì tẹ ti ọ̀tún láìwò ó.

Wọ́n dúró. Ẹ̀rọ náà mí, ó wá fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná lù wọ́n lójú.

"Bi," ni Mhina wí, "kò sí ẹja changu kankan tó wọ ilé ìdáná yín lánàá, àbí?"

"Kò sí."

"Lánàá, bí Mbaraka ti ń sùn, ẹnìkan mú kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ti ara rẹ̀ mọ́bẹ̀. Àgádágodo náà kò tètè ṣí, ooru sì mú un. Nínú òkùnkùn yẹn, ó tan ẹ̀rọ pẹ̀lú ọwọ́ tó ti mọ́ ọn lára. Ará Tanga ni wá. Òtútù nìkan ni ọwọ́ wa mọ̀. Ẹni tó ń tan ẹ̀rọ fún àlejò tí òtútù ń pa lókè Lushoto ni ọwọ́ rẹ̀ ń lọ síbi ooru. Atẹ́gùn gbóná fẹ́ sí i, ó rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, ó padà sídìí àgádágodo láìpa á. Pálọ̀ dákẹ́, wọ́n pe fúndì. Nígbà tó gbọ́ ohùn fúndì, ó pa á, ó ti ilẹ̀kùn, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn lọ dá kọ́kọ́rọ́ padà sára ìṣó. Jumbe ń fọ asẹ́ lọ́wọ́, ẹ̀rọ ti yá. Hemedi, gbé apẹ̀rẹ̀ èso rẹ wá."

Hemedi kò gbéra. Mbaraka ló lọ gbé e. Lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wúrà wà, ó pé pérépéré.

"Ti ẹ̀gbọ́n mi ni!" Ohùn Hemedi já. "Ọrùn rẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ó kú, ẹ sì kó o sínú àpótí yín bíi pé kò ní ilé ìyá."

"Zaituni ọmọ rẹ̀ ni mo ń tọ́jú rẹ̀ dè," ni Bi Mwanakombo dáhùn, ohùn rẹ̀ lọ́lẹ̀. "Èmi náà sunkún rẹ̀, Hemedi."

"Bí o bá sọ ọ́ síta, àwọn àgbà ì bá gbọ́ ọ," ni Mhina wí. "Ọ̀fọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n o jẹ́ kí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sùn sí àtìmọ́lé, o tún pòwe lé e lórí."

Ó tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Jumbe, ó fi í sí ọwọ́ Hemedi.

Jumbe fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó kọjú sí ìyá àgbà náà. "Bi, ẹ foríjì mí. Mo sọ fún yín pé ìdọ̀tí ni. N kò mọ̀ ọ́n ni, ojú sì ń tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀."

Bi Mwanakombo dìde. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn, ó nà án sí i.

"Ẹ̀rọ yàrá ẹ̀yìn ṣì wà lórí ooru," ló wí. "Lọ tún un wò fún mi. Mo ní làálì tí mo ń pò, n kò ní lè dúró tì ọ́."

Jumbe fi ọwọ́ méjèèjì gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó wọlé.