Ta Ló Gun Snowmobile Eli?

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó kọ́kọ́ lọ bi Clara tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa ní Tucker nílùú Òyìnbó. Ó ṣojú òun náà kòrókòró, ọ̀sán gangan sì ni.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Déolú, la jọ ń tún ọkọ̀ ṣe. Nínú oṣù keje, oníbàárà wa kan tó ń jẹ́ Eli gbé snowmobile wá, èyí tí wọ́n ń gùn bí ọ̀kadà lórí yìnyín. Ike gígùn méjì wà lábẹ́ rẹ̀ tí bẹ́líìtì rọ́bà ń yọ̀ lé lórí. Slide ni wọ́n ń pè é. Yìnyín ló ń tù ú lára. Téèyàn bá gùn ún lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kíá ni ike náà máa jẹ tán.

Mo fi slide tuntun sí i lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti jẹ dé ìdajì.

Déolú ní mo ti gun nǹkan oníǹkan lórí títì. Mo ní mi ò gùn ún. Ó ní ṣé iwin ló wá gùn ún ni, kí n dọ̀bálẹ̀ kí n sì bẹ òun. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin yìí ti ń wá ẹ̀ṣẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀, inú sì bí mi.

"Tó bá tún jẹ," ó ní, "just pack your tools. Mi ò ní àbúrò mọ́."

Mo fi òmíràn sí i. Mo dẹ bẹ́líìtì, torí tó bá le jù, ṣe ló ń ha ike. Mo fi táyà kéékèèké mẹ́rin kún un kí bẹ́líìtì má baà tẹ ike jù. Mo gbé snowmobile náà ka orí stand kó má baà kan ilẹ̀, mo kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ àti ti ṣọ́ọ̀bù fún Déolú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ike ti jẹ dé irin. Omi tútù ń kán lábẹ́ rẹ̀.

Déolú dúró tì mí títí mo fi fi tuntun sí i, ó lé mi síta, ó sì tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tí yóò gùn ún lójú òun. Clara jáde wá bá mi nínú oòrùn ọ̀sán.

A ò gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ohun tá a gbọ́ ni rọ́bà tó ń yọ̀ lórí ike. Atẹ́gùn tútù gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde sí wa lẹ́sẹ̀.

"Lékan, sọ̀ kalẹ̀," Déolú ní nínú ilé. "Mo ti rí ẹ."

Clara ò gbọ́ Yorùbá. Ó bi mí pé ta ló ń bá wí. Orí mi wú, torí èmi ni Lékan.

Mo gbá ilẹ̀kùn. "Brother, ìta ni mo wà. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́."

Ìró náà dáwọ́ dúró. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Ohùn mi ni. Ó ní òun jẹ̀bi, kí ẹ̀gbọ́n òun má bínú. Déolú ní ó ti tán. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ó wá ṣílẹ̀kùn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dojú bolẹ̀. Irú aṣọ iṣẹ́ tó wà lọ́rùn mi ló wọ̀.

Déolú wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ má bínú, sir," ó ní. "Èmi àti àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ta lẹ ń wá?"

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta.